Ilé Etí Òkun Lókèèrè: Gánà, Bràsíl, Mẹ́síkò àbí Tàìláńdì, Kí Lẹ Ń Rà Gan-an?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú owó torí ilé etí òkun lókèèrè, ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé wọ́n ń jẹ́ kí àlejò ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kò tó. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á pé kí ni ìwé yìí sọ di tèmi, ọdún wo ló máa parí, ibo sì ni ilẹ̀ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ létí omi yẹn. Ibi mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra síbí, torí òfin wọn ò jọra rárá.

Gánà

Ibi tó sún mọ́ wa jù nìyí, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n rò pé torí pé a jọ wà nínú ECOWAS, ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe àlejò. Tó bá dọ̀rọ̀ ilẹ̀, àlejò ni wá o. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1992, abala 266, sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà ò lè ní ilẹ̀ títí láé, lísì nìkan ló lè gbà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan, kò sì gbọdọ̀ ju 50 ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́nì kan ní Prampram tàbí Kokrobite bá wá ní òun máa fún yín ní 99 ọdún, ẹ rọra, 99 yẹn wà fún ọmọ ilẹ̀ wọn.

Ibi tó ti máa ń dunni jù ni lísì tẹ́nì kan ti lò kó tó tà á. Ká ní àlejò kan gba lísì 50 ọdún ní 2005, tó wá fẹ́ gbé e fún yín báyìí, 2055 náà ló ṣì máa parí, ọdún tó kù nìkan lẹ rà, bó ti wù kí ilé orí ẹ̀ rẹwà tó. Torí náà kẹ́ ẹ tó wo kíṣìnnì àti balùwẹ̀, ẹ ṣí ìwé lísì náà síbi tí wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí, ẹ ṣírò ọdún tó kù, kẹ́ ẹ wá fi pín owó tí wọ́n ń pè, iye tẹ́ ẹ máa rí yẹn lohun tí ọdún kan ń ná yín.

Ẹ wádìí ilẹ̀ náà ní Lands Commission kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, torí ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ ọba pọ̀ létí òkun yẹn, ẹnì kan ò sì lè dá tà á, àfi kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà fọwọ́ sí i. Àwọn tá à ń pè ní ọmọ onílẹ̀ nílé, land guard ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, òfin ilẹ̀ wọn ti 2020 sì ti sọ iṣẹ́ yẹn di ẹ̀wọ̀n. Ẹ wo òkun fúnra ẹ̀ náà jàre. Ní Keta, omi ya wọ ìlú ní November 2021, ó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé.

Mẹ́síkò

50 ọdún ni tiwọn náà, àmọ́ kì í ṣe 50 kan náà. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1917 ò jẹ́ kí àlejò ní ilẹ̀ tààrà láàárín 50 kìlómítà sí etí òkun, torí náà Cancún àti Tulum bọ́ sínú ẹ̀ pátápátá. Báńkì ló máa di ìwé náà mú fún yín, fideicomiso ni wọ́n ń pè é. Báńkì ò ní bá yín gbé ibẹ̀ o: ẹ̀yin lẹ máa lò ó, ẹ lè tà á, ẹ lè fi rẹ́ǹtì, ẹ lè kọ orúkọ ọmọ yín sínú ẹ̀ pé òun ló máa jogún, tí 50 ọdún bá sì pé, ẹ lè tún un ṣe. Ti Gánà ńkọ́? Tí lísì bá tán, onílẹ̀ ló ni ín, àfi tó bá gbà láti tún un ṣe. Báńkì á máa gba owó lọ́dọọdún ṣá.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ ejido, ìyẹn ilẹ̀ àjùmọ̀ní àwọn àgbẹ̀, máa ń pọ́ọ́kú létí Tulum, àmọ́ tí wọn ò bá tíì yọ ọ́ kúrò ní ejido lábẹ́ òfin, ẹ ò lè rà á. Ìkejì, 20 mítà létí omi, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́tọ̀.

Bràsíl

Àlejò lè ra ilé tàbí ilẹ̀ ìgboro níbí kó sì jẹ́ tiẹ̀ tọmọtọmọ, ẹ kàn gba CPF, ìyẹn nọ́ńbà owó orí wọn. Mo mọ̀ pé Salvador ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín, lápá Rio Vermelho níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja ní February 2, mi ò sì bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: 33 mítà láti ibi tí omi ń kún dé ní 1831, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe ibi tí omi dé lónìí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún sínú òkun lẹ́yìn náà wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé tí kò rí omi rárá fi lè bọ́ sí i.

Ẹ ṣì lè ra irú ilé bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè gba àṣẹ ìjọba àpapọ̀ fún àlejò. Tó bá jẹ́ aforamento, ìyẹn ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, 0.6% iye ilẹ̀ lẹ máa san fún ìjọba lọ́dọọdún, tó bá jẹ́ ocupação lásán, ìyẹn gbígbé ibẹ̀ láìní ẹ̀tọ́ yẹn, 2% ni. Lọ́jọ́ títà, laudêmio, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, jẹ́ 5% lórí iye ilẹ̀ náà, kì í ṣe lórí ilé. Tí ilẹ̀ bá tó 400,000 reais, owó wọn, 20,000 nìyẹn. Òfin ní kí olùtà san án, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì kí wọ́n má baà tì í sí yín lọ́rùn. Ẹ sì má gbà pé títọwọ́bọ̀wé ti tó, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ yín sí Registro de Imóveis, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, ló tó di tiyín.

Tàìláńdì

Ilẹ̀ ò sí fún yín, fúláàtì condo nìkan, 49% gbogbo ààyè inú ilé náà sì nìyẹn fún gbogbo àlejò pa pọ̀. Owó gbọ́dọ̀ ti òkèèrè wọlé, kí báńkì fún yín níwèé ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbà ní lísì, àwọn tó ń tà á á ní ọdún 30 lọ́nà mẹ́ta di 90, àmọ́ 30 lòfin mọ̀, ìyókù ìlérí ni. Lísì tó bá ju ọdún 3 lọ tí wọn ò kọ sílẹ̀ ní Land Office, ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba wọn, ọdún 3 péré lẹ lè fi pe ẹjọ́.

Tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fọ́mọ ni, Bràsíl ni màá mú, Mẹ́síkò tẹ̀ lé e. Gánà dára fẹ́ni tó fẹ́ lò ó tàbí fi ṣòwò nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ fi orúkọ ọmọ ìlú rà á, tí ìjà bá dé, òun ni kóòtù mọ̀. Ẹ gba lọ́yà tiyín, kó má jẹ́ èyí tí ẹ́jẹ́ǹtì mú wá.