Ms. Marvel, ìwé kìíní: Kamala Khan àti ojú tó yá lò

Ìjà ni ọ̀pọ̀ ìwé bédé, ìwé ìtàn alàwòrán, àwọn akọni fi ń bẹ̀rẹ̀. Òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni eléyìí fi bẹ̀rẹ̀. Kamala Khan, ọmọ ọdún 16, ọmọ Mùsùlùmí, dúró nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó na imú sí búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹlẹ́dẹ̀ sí, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́. Nakia ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wé ìborí, ní kó yáa jẹ ẹ́ tàbí kó yé fimú fà á. Ọmọ Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ tó bá ti gba Adjarra kọjá, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń ta sánsán lórí iná, kò nílò àlàyé kankan. A kò tíì rí akọni kankan, a ti mọ ohun tó ń wu ọmọ náà àti ohun tí kò ní ṣe.

Ms. Marvel: No Normal ni orúkọ ìwé náà, ọdún 2014 ni Marvel gbé e jáde. G. Willow Wilson ló kọ ọ́, Adrian Alphona ló ya á, Ian Herring ló fi àwọ̀ sí i. Ojú-ìwé 120 ni, nọ́ńbà 1 dé 5, tó kọ́kọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn kúkúrú kan. Ó gba ẹ̀bùn Hugo, ti àwọn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní 2015. Jersey City ní Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Pakistan sì ni àwọn òbí Kamala ti wá.

Inú ilé wọn ni ìwé náà ti dùn jù. Yusuf, bàbá, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Muneeba, ìyá, kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọbìnrin òun fẹ́ jáde lálẹ́. Aamir, ẹ̀gbọ́n Kamala, kì í kúrò lórí ẹní ìkírun, bàbá rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdúrà yẹn ló ń fi sá fún iṣẹ́. Ní mọ́sálásí, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn gàgá, Kamala àti Nakia sì ń kùn níbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sọ òbí di òǹrorò, kò sì sọ wọ́n di màlékà. Ẹ gbé agbo ilé yẹn sí ẹ̀yìn Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n ní àlejò.

Bó ṣe rí agbára rẹ̀ nìyí. Ó yọ́ jáde lọ síbi àríyá kan létí omi, wọ́n fún un ní omi ọsàn tí wọ́n ti da ọtí mọ́, ó tu ú dànù, ó sì fi ìbínú kọ orí sílé. Kùrukùru kan bò ó lójú ọ̀nà. Nínú kùrukùru náà ló ti rí àwọn akọni mẹ́ta tó ti ń fẹ́ràn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló fẹ́ jẹ́, Carol Danvers ló mú, obìnrin gíga onírun wúrà tó ti ń jẹ́ Ms. Marvel tẹ́lẹ̀. Ohun tó tọrọ náà ni wọ́n fún un: irun wúrà, awọ funfun, bàtà gíga, aṣọ tó ṣí itan sílẹ̀. Kò pẹ́ tí irun náà fi ń wọ̀ ọ́ lójú, tí bàtà ń fún un lẹ́sẹ̀, tí aṣọ sì ń há sí i nídìí.

Ará Kétu mọ ọ̀rọ̀ gbígbé ojú ẹlòmíràn dáadáa. Ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, obìnrin ló ń fi ara hàn bí. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sára igi wà lórí, ojú oníjó wà lábẹ́ aṣọ, gbogbo ọjà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kamala ò rí ẹni tó lè bá a mọ̀ ọ́n. Alphona ya ìdààmú yẹn sára rẹ̀: ẹsẹ̀ ń gùn sódì, apá ń rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí akọni lẹ́wà nínú gbogbo àwòrán máa bínú sí i. Kò yẹ kó bínú.

Agbára rẹ̀ ní òfin, ìwé náà sì tẹ̀ lé e. Ara rẹ̀ lè wú, lè sún kì, lè gùn, lè gba àwọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Zoe, ọmọ iléèwé rẹ̀ tó máa ń sọ̀rọ̀ sí i, já sínú omi, áyà 32 nínú Súrà Al-Máídà tí bàbá rẹ̀ máa ń kà ló sọ sí i lọ́kàn, pé ẹni tó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Ọwọ́ rẹ̀ wú gbèǹgbè, ó sì bu ọmọ náà jáde. Ṣùgbọ́n ojú Carol ló fi ṣe é, Carol ni Zoe sì rò pé ó rí. Lẹ́yìn náà ni ìbọn bà á nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú Carol náà ló ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà tó padà sí ara tirẹ̀ ni ọgbẹ́ náà jinná. Ibí yìí ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé ti hàn jù: kò fi ẹnu wàásù fún ọmọ náà pé kó jẹ́ ara rẹ̀, òfin agbára náà ló bá a sọ ọ́. Láti ibẹ̀ ló ti fi búúkínì, aṣọ ìwẹ̀ odò tó bo gbogbo ara, ṣe aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ gba ẹnì kan sílẹ̀, ó kùnà pátápátá, torí ó wọ ilé àwọn ọ̀tá láìní ètò. Bàbá rẹ̀ wá jókòó tì í, ó tú orúkọ rẹ̀ fún un: Kamala, pípé ni. Ká ní wọ́n ti sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni ì bá jẹ́.

Àléébù wà. Ìwé náà kò sọ ibi tí kùrukùru ti wá. Infinity, ìtàn Marvel ti 2013, ló ṣàlàyé rẹ̀: Black Bolt, ọba àwọn Inhuman, ẹ̀yà alágbára kan nínú ìtàn Marvel, ló bú bọ́ǹbù Terrigen tó tú kùrukùru náà jáde, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá wà lára rẹ̀, tí kùrukùru náà bá kàn án, á yí padà. Ẹ sọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ kó tó ṣí ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa béèrè títí. Ọ̀tá tí Kamala ń bá jà kò sì lẹ́ran lára rárá nínú ìwé yìí. Ẹni tó ti wo fíìmù onípele Ms. Marvel ti 2022 kò ní rí ẹ̀gbà ọwọ́ níbí o, kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lọ́wọ́.

Dọ́là 15.99 ni iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 9,000 sẹ́fà, láìtíì ka owó ìfiránṣẹ́. Panini Comics ló ń tẹ ẹ̀dà Faransé, òun ló rọrùn jù fún ọmọ iléèwé wa. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò rán an. Bí ẹ bá ya á láàárín lẹ́ẹ̀kan náà, á sán, ìwé á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí bíi márùn-ún níwájú, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí márùn-ún lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi dé àárín. Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í ṣojúure sí ìwé olómi dídán, nítorí náà ẹ má tò ó mọ́ ògiri tó ń làágùn.

Ẹ má ra fótòkópì dúdú-funfun. Àwọ̀ Herring ló yà kùrukùru sọ́tọ̀ kúrò lára òru. Bó bá ti di eérú, ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú nọ́ńbà 1 ti sọnù. Lórí fóònù, àwọn àwàdà kéékèèké tí Alphona kọ sára páálí oúnjẹ àti pátákó ẹ̀yìn kò ní ṣe é kà, àfi kéèyàn máa fa àwòrán tóbi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ọdún 12 sókè ló yẹ fún, torí ọtí àti ìbọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìjà gan-an, kó ra ìwé kejì mọ́ ọn. Wolverine wọlé ní nọ́ńbà 6, ọ̀tá yẹn sì wá di ẹni tí èèyàn lè bínú sí.