Ibùsùn mẹ́fà, bẹ́líìtì mẹ́rin: ohun tí ojú wa rí nínú ilé orí táyà tí a yá

Sọ́ọ̀fà kan ló mú mi kọ èyí. Inú ọkọ̀ tó ní ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìtọ̀ ló wà, èyí tí a yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan fún ìsinmi. Bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó, irú epo tó ń mu, ojú iná tó wà lórí sítóòfù rẹ̀, gbogbo ìyẹn wà nínú ìpolówó wọn, ẹ lọ kà á níbẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ìpolówó ni mo bá wá.

Èèyàn márùn-ún ni wá: èmi, bàbá àwọn ọmọ, àti ọmọ mẹ́ta tí àbíkẹ́yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ àti bí wọ́n ṣe wúwo tó, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Wọ́n gba owó ìjókòó ọmọdé mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìpolówó ní èèyàn mẹ́fà lè sùn nínú ọkọ̀ yẹn, kò sì parọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tó bá ń sáré lọ́nà, kì í ṣe ibùsùn lèèyàn ń wá nínú rẹ̀.

Arábìnrin tó wà ní kántà ní kí n kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kí a tó wọ inú ọkọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí a wọlé, mo rí i pé wọ́n ti de ìjókòó ọmọ méjì mọ́ àga ìdí tábìlì, èyí tó kọjú síwájú, wọ́n sì dè é dáadáa, kò mì rárá. Ẹ̀kẹta, ti àbíkẹ́yìn mi, orí sọ́ọ̀fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí. Sọ́ọ̀fà yẹn kọ ẹ̀gbẹ́ sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló sì ní.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni bẹ́líìtì tó gba èjìká wà?"

Ó ní, "Ti ìbàdí yẹn ti tó, mà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn oníbàárà wa ń ṣe."

Ìwé ìlò ìjókòó náà wà nínú àpò kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo fà á yọ, mo ṣí i síbi tí àwòrán wà. Èyí tó kọjú síwájú, wọ́n fi àmì àṣeyẹ sí i. Èyí tó kọ ẹ̀gbẹ́ síwájú, wọ́n fi àmì X pupa gbàgàdà sí i. Ọmọ tó bá jókòó báyẹn, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹ̀gbẹ́ ni ara rẹ̀ máa fì sí, ọrùn rẹ̀ ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Wọn kò ṣe ìjókòó náà fún irú ìyẹn. Mo na ìwé náà sí i. Ó wò ó, ó ní, "Ìwé yẹn kò mọ irú ọkọ̀ tiwa."

Ẹ gbà mí o! Ìwé tó bá ìjókòó tiwọn wá ni.

Ó tún ní bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, kí n kúkú gbé ọmọ náà sórí itan. Mo bi í pé ta ló lágbára tó lè fi apá di ọmọ mú nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan? Ó dákẹ́, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Inú ọ́fíìsì tó ní gíláàsì ni ọ̀gá yìí wà, ibi tí mo dúró ni mo ti ń rí i tó ń mi orí, ṣùgbọ́n kò jáde sí wa. Iṣẹ́ tó rán sí mi ni pé mo ti buwọ́ lùwé, bí mo bá ní n kò lọ mọ́, owó ìdógò mi lọ nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn ọmọ ti fa gbogbo dúrọ́ọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ síta, èyí àárín sì ti pín ibùsùn fún gbogbo wa.

Mẹkáníìkì kan ló gbà wá. Ó ń kọjá lọ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó yọjú wọlé, ó ní, "Ta ló gbé ìjókòó ọmọ síbí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, tó gbé e jáde. Kò pariwo, ó kàn sọ fún arábìnrin yẹn pé, "Ẹ má gbé ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀ mọ́." Ó lọ sẹ́yìn ọgbà, ó wa ọkọ̀ mìíràn wá. Èyí ti gbó díẹ̀, aṣọ àga rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ìjókòó mẹ́ta tó kọjú síwájú wà lẹ́yìn awakọ̀, bẹ́líìtì gbogbo wọn ló sì gba èjìká wá sí ìbàdí. Ibùsùn alájà méjì wà ní ìdí ọkọ̀ fún àwọn ọmọ, àwọ̀n sì wà níwájú tòkè kí ẹni tó wà níbẹ̀ má baà já bọ́.

Òun náà ló kọ́ wa ní gbogbo ohun tó yẹ kí kántà kọ́ wa. Wọ́n ti ní kí a rọ omi kún táǹkì bámúbámú. Ó ní rárá o: lítà omi kan, kílò kan, lítà 100, kílò 100. Kílò 3,500 ni wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ náà pé kò gbọ́dọ̀ jù lọ tòun tẹrù, èèyàn márùn-ún àti ẹrù wọn sì ti jẹ púpọ̀ nínú àyè tó kù. Ó da omi nù kúrò nínú rẹ̀ títí ó fi ku ìwọ̀nba. Ó kọ gíga ọkọ̀ sórí ìwé, mítà 3.1, ó lẹ̀ ẹ́ síwájú ọkọ mi, ó ní afárá kì í dìde fún àlejò. Ó fi bátìrì méjèèjì hàn wá, ti ẹ́ńjìnnì àti ti ilé, kí iná tí a tàn sùn má baà jẹ́ ká ti ọkọ̀ láàárọ̀. Ó wá kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn ìwé gáàsì. Kántà náà ní nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tiwọn, "wákàtí 24" ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ìrìnàjò gan-an? Ó dùn kọjá bí mo ṣe rò. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ tọ̀, a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn wa níbẹ̀. Bí èyí kan bá bì, aṣọ mìíràn kò jìnnà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a kì í tú ẹrù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í di ẹrù. Ẹni tó bá ti kó ọmọ wẹ́wẹ́ láti ilé àlejò kan dé òmíràn rí á mọ ohun tí mò ń wí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ há, kò wọlé bọ̀rọ̀. Ohun tó ń fi ìwọ̀n omi hàn máa ń sọ pé ó ku ìdajì nígbà tí táǹkì ti gbẹ. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, àwo àti ṣíbí ò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀.

Àfi òru tí òtútù mú wa. A ti pa ẹ̀rọ amúlémóoru kí gáàsì má baà tán. Pọ́ǹpù omi ló jí mi, ó ń kùn, kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣí omi. Bàbá àwọn ọmọ tan iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀: omi ń dà ṣọ̀ọ̀ sílẹ̀. Mo pe nọ́ńbà "wákàtí 24". Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dáhùn, ó ní àárọ̀ ni wọ́n máa ṣí. Mo pe mẹkáníìkì.

Oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé òtútù ń mú níbi tí ẹ wà?" Mo ní ó ń mú gan-an. Ó ní, "Kò bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù." Ó ṣàlàyé pé ẹnu ihò kékeré kan wà lára ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, bí ibi tó wà bá ti tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣí fúnra rẹ̀, á da omi nù, kí omi náà má baà di yìnyín kó bẹ́ ẹ̀rọ. Pọ́ǹpù kò mọ̀, ó ń fa omi tẹ̀lé e. Bí ibẹ̀ kò bá sì móoru kọjá 7, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dí ihò náà kò ní dúró bí èèyàn tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a tan amúlémóoru, kí a gbé ìbòrí abẹ́ ibùsùn kúrò kí ooru lè dé ibẹ̀, kí a dúró. Ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì, ó ta padà. "Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́," ni ó ń wí, kò sì gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti jí, wọ́n jókòó sórí ibùsùn òkè, wọ́n ń bá bàbá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, bọ́tìnnì dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí wà nínú fáìlì tó yẹ kí kántà fún wa. Fáìlì wo?

Nígbà tí a dá ọkọ̀ padà, arábìnrin kántà fẹ́ yọ owó àtẹ̀gùn nínú ìdógò mi. Mo fi fọ́tò tí mo ti yà kí a tó gbéra hàn án, ó dá owó padà, ó sì ní kí n má gbàgbé láti yin iṣẹ́ wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní méjì ló tọ́ sí wọn, kò sì burú bí ó ṣe wí. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n bá wa di ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn mú fún ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ yá a, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè iye ìjókòó tó kọjú síwájú tó ní bẹ́líìtì èjìká, kí ẹ sì béèrè bóyá mẹkáníìkì wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.