Àgbéyẹ̀wò: ètò ìrọ̀lẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti gba máìkì lọ́wọ́ ọmọdé

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ni ètò náà mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ló ń bá wọn wí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ti lọ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á gba gbọ̀ngàn kékeré tàbí ilé kọfí kan, wọ́n á pe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wá, á sọ̀rọ̀ lọ́nà tó máa yé tọmọdé tàgbà, àwọn èèyàn á béèrè ìbéèrè, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àga, iná, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, gbogbo ìyẹn dáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ṣòfò àsìkò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbéèrè ni mo bá wá.

Ọ̀rọ̀ mànàmáná àti ààrá ni wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ojú ọjọ́ ló wá bá wa sọ̀rọ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Inú ìkùukùu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní hóró yìnyín wíwẹ́ ń gòkè níbẹ̀, àwọn tó wúwo díẹ̀ ń já bọ̀, wọ́n ń kọlu ara wọn lójú ọ̀nà, ibi ìkọlù yẹn sì ni ẹ̀lẹ́ńtíríkì ti ń pín sí méjì, tí òkè ìkùukùu ń mú ọ̀kan, tí ìsàlẹ̀ ń mú ìkejì. Bó bá pọ̀ kọjá ohun tí afẹ́fẹ́ àárín wọn lè dá dúró, mànàmáná á kọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lójú ọ̀nà tó gbà lè gbóná dé nǹkan bí 30,000 ìwọ̀n Sẹ́ǹtígíréèdì, ìyẹn bí ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀ lọ́nà tó le gan-an, ariwo tó bá jáde níbẹ̀ la mọ̀ sí ààrá. Ohùn ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ẹ tó gbọ́ ààrá, ó jìnnà sí yín tó kìlómítà kan. Mo ti gbọ́ èyí rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi hàn mí bó ṣe fi hàn wá: ó ní kí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, ó tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa ń kà sókè nínú òkùnkùn, àfi gbàà! ó lu pátákó, ó ní, “Kìlómítà mélòó?” Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yẹ kí àsìkò ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ atọ́kùn ètò ti fi apá tó pọ̀ jù nínú ìrọ̀lẹ́ náà kí àwọn onígbọ̀wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tó wá àti àwọn tí kò rí àyè wá, nítorí náà ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù. Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ níwájú mi gan-an. Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ ní ká máa kà. Nígbà míì mànàmáná á kọ lọ́nà jíjìn, màá kà á títí, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ààrá rẹ̀ ńkọ́?”

Mo wo ojú olùbánisọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ti la ẹnu. Atọ́kùn wá na ọwọ́, ó gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní, “Ọmọ dáadáa ni ẹ́, jókòó. Àsìkò ò sí mọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn àgbà.” Ó gbé máìkì fún ọ̀gbẹ́ni kan lórí ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò béèrè nǹkan kan. Ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sọ àwọn ìpàdé tó ti lọ nílẹ̀ òkèèrè, ó sọ ohun tí ìjọba ìbá ti ṣe, ó tún padà sórí iṣẹ́ rẹ̀. Atọ́kùn ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, atọ́kùn sì ní àsìkò ti tán. Ọmọ yẹn kò sọkún. Ó kàn fi ìwé tó ń kọ nǹkan sí pamọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbaná jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó bẹ́ẹ̀. Olùbánisọ̀rọ̀ dárúkọ Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wa lọ́jọ́ náà, pé òun ló fi hàn lọ́dún 1836 pé ẹ̀lẹ́ńtíríkì tó bá kọlu àgò onírin kì í kan ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ọkọ̀ onírin fi ń dáàbò boni nígbà tí ààrá bá ń sán. Ohun tí kò rí àyè sọ ni bí Faraday ṣe débẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ìwé dídì ní London. Lọ́dún 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì kó lè lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ní Royal Institution, ilé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan ní London. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó dì í ní ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Davy, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Davy gbà á síṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ẹ̀kọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1825, ìgbà 19 ni Faraday fúnra rẹ̀ sì kọ́ wọn. Ẹ̀yin tó ń ṣètò, ẹni tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ní ìlà ẹ̀yìn ni kí ẹ máa wá. Nígbà tí Duncan Dallas dá Café Scientifique, ìjíròrò sáyẹ́ǹsì inú ilé kọfí, sílẹ̀ ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1998, ìjíròrò ló fi ṣe òpó ètò náà: olùbánisọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀ ṣókí, àsìkò tó pọ̀ jù á jẹ́ ti àwọn tó wá gbọ́ ọ. Bí a ò bá lè béèrè ìbéèrè, kí ló kù tí fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe fún wa nílé?

Mo ti ń lọ tìbínú-tìbínú nígbà tí mo rí olùbánisọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn ìta. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń wá ọmọ yẹn kiri. Ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ìbéèrè rẹ ló dùn mọ́ mi jù lónìí.” Ó wá ní kí àwa mẹ́rin, òun, ọmọ, ìyá ọmọ àtèmi, di ọwọ́ ara wa mú ká tò lọ́gbọọgba. Ó ní kí n yára ní ìpẹ̀kun tèmi, kí ọmọ náà máa fa ẹsẹ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà wa fi yí sápá ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó ní bí ohùn ààrá ṣe ń ṣe nìyẹn: afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ sábà máa ń gbóná ju ti òkè lọ, ohùn sì ń yára nínú afẹ́fẹ́ tó gbóná, nítorí náà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sáré ju òkè lọ, ó sì ń tẹ̀ sókè bó ṣe ń lọ. Tí mànàmáná bá jìnnà tó nǹkan bí 20 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààrá rẹ̀ lè ti gba orí wa kọjá. Ọmọ náà ronú díẹ̀. “Ṣé ẹyẹ tó wà lókè lè gbọ́ ọ, mà?” Olùbánisọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé ṣe dáadáa, ó sì kọ ìbéèrè náà sínú ìwé tirẹ̀.

Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí. Bàbá ẹ̀ṣọ́ mú kọ́kọ́rọ́ dé, mo rò pé wọ́n fẹ́ lé wa ni. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé fóònù ń fa mànàmáná?” Ó dá wọn lóhùn pé fóònù ọwọ́ lásán kì í fà á, èyí tí wáyà rẹ̀ wà lára iná ilé ló léwu, torí mànàmáná lè gba ara wáyà wọlé. Bàbá dúpẹ́, wọ́n fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí títí a fi tán lẹ́nu ọ̀rọ̀. Inú mi dùn lórí àtẹ̀gùn yẹn ju inú gbọ̀ngàn lọ.

Mo kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ kejì. Èsì tó kọ́kọ́ wá ni irú èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn: a dúpẹ́ pé ẹ wá, ẹ tún padà wá. Mo tún kọ ọ́, mo to ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Obìnrin tó ń bójú tó ètò wá pè mí fúnra rẹ̀. Mi ò lè fi dù wọ́n, wọ́n fetí sílẹ̀. Wọn ò gbèjà ẹnikẹ́ni, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, kí lẹ rò pé ká ṣe?” Mo ní kí wọ́n gé ìkíni kúrú, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọdé, kí wọ́n sì gba máìkì lọ́wọ́ ẹni tí kò bá béèrè nǹkan. Nígbà tí mo tún lọ, atọ́kùn kan náà ló ka àwọn òfin yìí sókè kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé méjì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbéèrè wọn dára ju tàwa àgbà lọ, ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ ròyìn ara rẹ̀ sì jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ yẹn dùn gan-an. Mi ò mọ ibòmíràn tí èèyàn ti lè bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà bóyá wọ́n ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀, ó ní àwọn máa wò ó. Orúkọ ìyá yẹn wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún un.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù tó ń bọ̀.