Ọkọ̀ ojú omi Utrecht: ìràwọ̀ mẹ́rin, àti ìdí tí ìkarùn-ún fi bọ́

Ẹ wọ ọkọ̀ náà. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá ń kánjú. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn yí ìlú Utrecht ká ní Netherlands tó owó tí wọ́n ń gbà, mo sì fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Apá kan nínú omi ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Catharijnesingel ni ìkarùn-ún ti bọ́, màá débẹ̀.

Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mò ń ṣe. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ wo ibi tí ilẹ̀ ga sí àti ibi tó rẹlẹ̀ sí, kí omi lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá dé ìlú tí n kò dé rí, omi ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Màmá Tóbi, ti ń gbé ní Utrecht láti 1997. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé, “Máa bọ̀, wá wo omi wa.” Èmi rò pé Amsterdam ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wo kánáàlì ń lọ, mi ò dá wọn lóhùn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni a lọ. Etí Oudegracht, kánáàlì àtijọ́ tó gba àárín ìlú kọjá, la ti ra tíkẹ́ẹ̀tì; ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ò tó 20 yúrò, a sì lò tó wákàtí kan àbọ̀ lórí omi. Ọkọ̀ náà gùn, ó pẹlẹbẹ, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, bátìrì ló ń gbé e rìn, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún ló wà á. Ó fi ọwọ́ kan di ìtọ́kọ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì di gbohùngbohùn mú, ó ń fi èdè Dutch sọ ọ́, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Àwọn afárá kan wà tí àyè tó wà láàárín wọn àti gíláàsì orí wa kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mélòó kan lọ, kò fara kan ọ̀kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ tí a gbéra la wọ abẹ́ Stadhuisbrug. Afárá yìí fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè rìn kọjá lórí rẹ̀ kó má mọ̀ pé omi wà nísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ilẹ̀ ṣú, òtútù bà wá, òórùn bíríkì tó ti mu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún gba afẹ́fẹ́. Ọmọdé kan lẹ́yìn wa ké “Hóò!” ògiri sì dá a lóhùn. Nígbà tí a jáde sí ìmọ́lẹ̀ ni mo wá rí ohun tí Màmá Tóbi ti ń pariwo rẹ̀ sí mi létí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Láwọn ìlú mìíràn tó ní kánáàlì, ilé á wà, títì á wà níwájú rẹ̀, omi á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ti Utrecht kò rí bẹ́ẹ̀. Omi jìn sísàlẹ̀ gan-an. Létí omi ni èbúté gbọọrọ kan wà, tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀, tí igi ńláńlá hù sí, tí àwọn ilé oúnjẹ tò tábìlì sí. Lẹ́yìn èbúté yìí ni ògiri wà, ìlẹ̀kùn sì wà lára ògiri náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ìlẹ̀kùn wọ̀nyí ló wọ àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó gba abẹ́ títì kọjá lọ bá abẹ́ ilé tó wà lókè. Ẹni tó ń rìn ní títì, orí yàrá onílé ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn yàrá náà lé ní 700. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo padà lọ ka àtẹ̀gùn kan láti èbúté dé títì: mọ́kàndínlógún.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìdí tí inú mi fi dùn sí ọmọbìnrin náà nìyí, nítorí ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ yéni. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ló kọ́kọ́ kọ́ àgọ́ sí ibẹ̀, létí odò Rhine, ní nǹkan bíi ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Odò yẹn ló ń kó ọjà wá fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1122, wọ́n sé odò náà ní Wijk bij Duurstede, lápá òkè odò. Omi tó ń dé Utrecht wá dín kù, ó lọ sílẹ̀. Ìlú tó jẹ́ ọjà ni wọ́n fi ń jẹun kò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi mìíràn lọ sí gúúsù kí ọkọ̀ lè máa wọlé. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ jáde, ẹ̀gbẹ́ odò ni wọ́n ń dà á sí, bèbè odò sì ń ga sí i. Omi ń lọ sílẹ̀, ilẹ̀ ń gòkè. Oníṣòwò tí ilé rẹ̀ wà lókè, tí ọkọ̀ ọjà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò ní fẹ́ máa ru àgbá wáìnì gun òkè lójoojúmọ́. Ó la ihò láti abẹ́ ilé rẹ̀ jáde sí etí omi, aládùúgbò rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ilẹ̀kùn omi mú ìwọ̀n omi dúró sójú kan, wọ́n sì lè kọ́ èbúté tí omi ò ní bò.

Èmi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ gíga àti rírẹlẹ̀ ilẹ̀ jẹun, inú mi ń ru gùdù. Ohun tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò yìí, kò sẹ́ni tó jókòó yàwòrán rẹ̀ sórí pépà lọ́jọ́ kan. Àwọn onílé ló ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí omi sá lọ sísàlẹ̀.

Ọdún 1122 yẹn kan náà ni ọba ńlá Henry Karùn-ún fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ìlú fún Utrecht, ni àwọn ará ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yàrà yí ìlú wọn ká. Singel ni wọ́n ń pè é. Yàrà ìlú náà ni, bí a ṣe mọ yàrà, odi nínú, yàrà lóde, kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Ọmọbìnrin náà pè é ní kánáàlì bíi ti ìyókù. Yàrà ni mo ń pè é fún Màmá Tóbi, wọ́n sì gbà pẹ̀lú mi.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà lójú ọ̀nà tí kò yẹ kó fo yín. Lábẹ́ àwọn òpó iná létí Oudegracht, òkúta tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára wà níbẹ̀. Ẹ gbójú sókè. Ilé ńlá Winkel van Sinkel, tí wọ́n ṣí gẹ́gẹ́ bíi ṣọ́ọ̀bù ní 1839, ní ère obìnrin onírin mẹ́rin níwájú rẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wúwo débi pé kíréènì ìlú wó nígbà tí wọ́n ń já wọn. Ọkọ̀ oníbátìrì kan sì wà tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba orí omi gbé bíà lọ fún àwọn ilé oúnjẹ èbúté. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn ṣì ń gba ọjà láti inú ọkọ̀.

Nígbà tí a dé ìhà àríwá, ọmọbìnrin náà nawọ́ sí Weerdsluis, ilẹ̀kùn omi tí omi ìlú ń gbà bọ́ sínú odò Vecht. Nígbà ìrúwé, ẹja á fẹ́ gòkè lọ yé ẹyin, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Láti 2021, wọ́n ti gbé kámẹ́rà sínú omi níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá sì rí ẹja tó dúró, á tẹ agogo, kí olùṣọ́ lè mọ̀ pé àlejò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kó ṣílẹ̀kùn. Màmá Tóbi ní Tóbi kì í sùn lásìkò rẹ̀, pé orí ibùsùn ló ti ń tẹ agogo fún ẹja. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ la ti yà sápá ìlà-oòrùn, sínú yàrà. Ìhà yìí tutù lójú. Wọ́n wó odi ìlú ní nǹkan bíi 200 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì gbé ibi tó wà fún Jan David Zocher, ẹni tó ń ya àwòrán ọgbà, ó sọ ọ́ di ọgbà tó lọ kọ́lọkọ̀lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ẹ óò rí Sonnenborgh, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí àwọn ọmọ ogun ọba Charles Karùn-ún ti ń ṣọ́ ìlú. Ó dára, ó rọra ń lọ, ẹni tí oorun bá ń kùn á sùn.

Ẹ má sùn, nítorí Catharijnesingel ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti já mi kulẹ̀. Bí a ṣe wọ ìhà ìwọ̀-oòrùn, ọmọbìnrin náà sọ pé, “Títì ni ibí tẹ́lẹ̀, omi ti padà síbẹ̀ báyìí.” Ó gbé gbohùngbohùn kalẹ̀. Nígbà tó máa gbé e padà, orúkọ ilé oúnjẹ kan tí tíkẹ́ẹ̀tì wa lè bá wa dín owó níbẹ̀ ló ń pè. Mo wo Màmá Tóbi, wọ́n wò mí. Ohun tó tóbi jù ní gbogbo ìrìn náà, gbólóhùn kan!

Ohun tí kò sọ rèé. Ní 1958, onímọ̀ ọkọ̀ àti títì kan láti Jámánì, Feuchtinger, mú àbá wá fún ìlú náà pé kí wọ́n dí yàrà yí ìlú ká, kí wọ́n fi ṣe títì fún mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ò gbà. Wọ́n jà títí tí èyí tó pọ̀ jù fi yè, àmọ́ wọn ò rí ìwọ̀-oòrùn gbà sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fa omi Catharijnesingel gbẹ, wọ́n da ọ̀dà síbẹ̀, títì ńlá gba inú yàrà tí àwọn baba wọn gbẹ́ ní 850 ọdún ṣáájú. Ilé ìtajà ràgàjì Hoog Catharijne náà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sáà yẹn. Ní 2002, ìjọba ìlú ní kí ará ìlú dìbò lórí ètò fún àdúgbò ibùdókọ̀ rélùwéè, wọ́n sì mú ètò tó ní kí omi padà. Ó gbà wọ́n ní ọdún méjìdínlógún. Apá àríwá rí omi ní 2015. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n ṣí apá tó kù, yàrà sì tún yí ìlú po pátápátá, bíi kìlómítà mẹ́fà.

Mo mọ ohun tó ń ná èèyàn láti yí ìpele ilẹ̀ padà. Kí ìlú odindi wo títì tó ti fi owó ńlá ṣe, kó ní “A ṣe é láṣìṣe,” kó wá wú ọ̀dà, kó gbẹ́ ẹ, kó da omi síbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ọmọ náà ì bá fi ìdajì àkókò tó fi ṣe ìpolówó oúnjẹ sọ èyí.

Ẹ̀sùn kejì kéré: ohùn gbohùngbohùn kì í dé ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń bi ara wọn léèrè ohun tó sọ. Nítorí náà, iwájú ni kí ẹ jókòó, lápá ọ̀tún.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ yá káyáàkì lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Wọ́n fún mi ní àjẹ̀ kan, ẹ̀wù ìléfòó kan, àti báàgì tí omi kì í wọ̀ fún fóònù. Wọn ò kọ́ mi ní ohunkóhun, àfi pé kí n máa pa ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Ẹni tí kò bá wa ọkọ̀ rí, kó ní kí wọ́n kọ́ òun kó tó kúrò létí omi, torí ọkọ̀ ńlá kì í dúró. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, wẹ́rẹ́ ni mo ń lọ, mo ń dúró níbi tó bá wù mí. Mo gba abẹ́ Hoog Catharijne. Àwọn èèyàn ń rajà lókè orí mi, mò ń gbọ́ bí àjẹ̀ mi ṣe ń kan omi nínú òjìji. Mo nawọ́ kan ògiri, ó tutù, kò ní ewédò púpọ̀ bíi ti Oudegracht, ó ṣì jẹ́ tuntun.

Màmá Tóbi ń fẹsẹ̀ rìn bá mi bọ̀ létí omi, wọ́n ní àwọn ò lè wọ nǹkan kékeré yẹn láyé. Bí mo ṣe yọ sí ìmọ́lẹ̀, tí mo dáwọ́ dúró láti sinmi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń nawọ́ sí mi.

“Ibi tóo wà yẹn! Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ Bàbá Tóbi kú sí lọ́dún 1999, òjò ń rọ̀, èmi ni mo tì í!”