Constellation Ti Ọdún 1797 àti Ti Ọdún 1854
Ọkọ̀ ogun onígbòkun méjì ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ sọ ní Constellation. Ìlú Baltimore ni wọ́n ti kan ti àkọ́kọ́, òun ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, Thomas Truxtun, sì fi ṣẹ́gun ọkọ̀ Faransé tí ń jẹ́ L'Insurgente ní ọdún 1799. Virginia ni wọ́n ti tú u palẹ̀ ní ọdún 1853, níbi tí wọ́n ti kan èkejì, tí wọ́n tì sómi fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1854. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún ṣe ni èyí tí ó wà ní Baltimore lónìí, títí ìwádìí fi fi hàn pé ti 1854 ni.

Ìbọn àgbá ti àkọ́kọ́ pọ̀ ju ti èkejì lọ, ṣùgbọ́n ti èkejì ń yin ọta tí ń bú gbàmù. Ìjà ti àkọ́kọ́ lókìkí jù. Síbẹ̀, lójú tèmi, iṣẹ́ èkejì ló wúwo jù fún àwa ọmọ Áfíríkà, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1860, nítòsí ẹnu odò Kóńgò, ó mú ọkọ̀ ẹrú Cora, ó sì gba ènìyàn 705 sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà.