Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìrìn-àjò Ischia lórí WhatsApp o

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester tẹ́ ẹ ń gbèrò àtigbé ìyá yín lọ wẹ omi gbígbóná ní Ítálì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi páùn kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Gbájúẹ̀ kan wà nínú àwọn gúrúpù wa tó ń ta páákéèjì Ischia, Yorùbá tó já gaara ló ń sọ, ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù, mọ́mì ló ń pe gbogbo àgbàlagbà, ó sì ti jẹ owó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí eékún ń yọ lẹ́nu. Ilé tó ní òun ti gbà sílẹ̀ fún wọn, ìgbà tí wọ́n wọ́ báàgì dẹ́nu ọ̀nà, ìdílé kan ló ń gbébẹ̀, obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ní òun ò fi ilé òun háyà fún ẹnikẹ́ni rí. Nínú òtútù oṣù kejì o! Títí di báyìí inú ṣì ń bí mi.

Ischia fúnra ẹ̀ ò níṣòro, ibi tó dáa ni. Erékùṣù tí kò jìnnà sí Naples ni, òkè oníná ló bí i, ọdún 1302 ló bú gbẹ̀yìn, àmọ́ iná ṣì wà nísàlẹ̀ tó ń se omi, ìdí nìyẹn tómi gbígbóná fi ń ru jáde káàkiri ibẹ̀, létí òkun Maronti iyanrìn gan-an gbóná láwọn ibì kan. Torí pé nǹkan gidi ló ń fi tan èèyàn ni irọ́ ẹ̀ ṣe ń wọlé. Ṣùgbọ́n kò mọ Ischia rárá, ibẹ̀ lẹ ti máa mú un.

Ẹ wo Sorgeto. Ó gba owó ìwọlé Sorgeto lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Etí òkun lásán ni Sorgeto, lápá Panza ní Forio, omi gbígbóná ló ń ru láàárín àwọn àpáta tó ń dà pọ̀ mọ́ omi òkun, kò sí géètì, kò sẹ́ni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àtẹ̀gùn tó lé ní 200 lèèyàn máa sọ̀ kó tó débẹ̀, tó sì tún máa gùn ún padà! Ẹni tí eékún ń dùn ló ta ìyẹn fún.

Oṣù kejì tó mú fún wọn náà ńkọ́, ó ní owó ẹ̀ dínkù torí òtútù. Poseidon tó wà ní Forio àti Negombo tó wà ní Lacco Ameno, àwọn ọgbà omi gbígbóná ńlá yẹn kì í ṣí nígbà òtútù, bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni tiwọn, fótò Poseidon yìí kan náà ló sì ń lò bíi pé ẹ̀yìnkùlé ilé tó ń ta ló wà. Ẹlòmíì fi ìwé tiẹ̀ hàn mí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́tò máa wá gbé e ní "Ischia Airport". Kò sí pápákọ̀ òfurufú kankan ní Ischia! Naples lẹ máa balẹ̀ sí, ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Molo Beverello tàbí Porta di Massa, tàbí kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ ní Pozzuoli.

Ẹ bi í ní CIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Ítálì ń fún ilé. Gbogbo ilé tí wọ́n ń háyà fún àlejò ní Ítálì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà yẹn, IT ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìpolówó, ó sì gbọ́dọ̀ wà níta ilé. Nígbà tí mo bi í, ó ní àwọn òyìnbó nìkan nìyẹn wà fún, bó ṣe blọ́ọ̀kù mi nìyẹn. Tó bá jẹ́ Casamicciola ló ní ilé ẹ̀ wà, tówó ẹ̀ wá pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè àdúgbò gan-an, torí ilẹ̀ mì níbẹ̀ lọ́dún 2017, wọ́n kó èèyàn kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé, ní November 2022 ẹrẹ̀ tún ya wálẹ̀ látorí òkè, èèyàn 12 ló bá a lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń sọ fáwọn màmá pé tí wọ́n bá ti wẹ omi yẹn kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀ o! Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó wọnú omi gbígbóná rárá.

Àkáǹtì ilẹ̀ òkèèrè ló máa ń ní kẹ́ ẹ fowó sí, ó nídìí. Láti October 2024, báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì báyìí, ó lè tó £85,000, àmọ́ owó tó bá ti jáde nílùú kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe 159 lónìí yìí, wọ́n á so yín mọ́ báńkì yín, kẹ́ ẹ sì fi tó Polizia Postale létí ní Ítálì, àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì tó fún yín ránṣẹ́ sí inbox mi, a ti ń kó wọn jọ fún báńkì.