Fíúsì Onígíláàsì Tí Kì Í Tètè Jó: Èyí Tí Mo Fara Mọ́ Nínú Àwọn Tí Wọ́n Ń Tà Ní Kàbà

Nínú àwọn fíúsì onígíláàsì kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Kàbà fún àtúnṣe àmpílífáyà, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà bátìrì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè ní kí ènìyàn fowó rà láìfòyà: èyí tí wọ́n tẹ T2AL250V, tàbí irú àkọlé bẹ́ẹ̀, sí ara irin tó bo orí rẹ̀. T ni pé kì í tètè jó, 2A ni òǹkà iná tó lè gbé, L ni pé agbára rẹ̀ láti já iná ńlá kò pọ̀, 250V sì ni fóltéèjì rẹ̀. Àwọn yòókù ni èyí tó ní F (tó ń tètè jó) dípò T, àti èyí tí wọ́n kó sínú ọ̀rá, tí kò ní àkọlé kankan ju 2A lọ.

Bí a bá tan àmpílífáyà tí tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ tóbi, tàbí ẹ̀rọ tí kapásítọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) ti ṣófo, iná tó máa kọ́kọ́ fà máa ń ju èyí tó ń lò lójoojúmọ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tó fi ń rọlẹ̀. Fíúsì T ni wọ́n ṣe láti fara da irú èyí. F lè jó níbẹ̀ láìsí àbùkù kankan lára ẹ̀rọ. Ní agbègbè wa, níbi tí iná ti ń lọ tó sì ń bọ̀, gbogbo ìgbà tó bá dé ni ẹ̀rọ ń tún irú ìdánwò yìí ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fi 5A rọ́pò 2A, tàbí tí wọ́n ń fi wáyà lásán dí ojú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àbùkù gidi bá dé, tíráńsífọ́mà ni yóò jó, àbí ilé pàápàá.

Mo so wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ bátìrì ọkọ̀ 12V àti gílóòbù iwájú ọkọ̀ 55W, tó ń fa nǹkan bí 4.6A. IEC 60127, ìlànà àgbáyé fún fíúsì kéékèèké, sọ pé fíúsì T tó jẹ́ L gbọ́dọ̀ jó láàárín ìṣẹ́jú 2 bí iná bá jẹ́ ìlọ́po 2.1 ti òǹkà ara rẹ̀ (4.2A fún fíúsì 2A), ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jó láàárín wákàtí kan bó bá jẹ́ ìlọ́po 1.5. Èyí tó ní T jó kí ìṣẹ́jú 2 tó pé. Aláìlákọlé kò jó rárá. Gbígbóná lásán ló ń gbóná, èyí tó bà mí lẹ́rù gidigidi.

Ẹ wo 250V lára rẹ̀ dáadáa, nítorí èyí tó jẹ́ 125V kò yẹ fún iná ilé wa. Ẹ wọn ihò tí fíúsì ń wọ̀ pẹ̀lú: fíúsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20, ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ ní 6.3, tó gùn ní 32, náà wà. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá kọ F tàbí H síbẹ̀, ẹ má ṣe fi T onígíláàsì rọ́pò rẹ̀, nítorí pé H lè já iná tó tó 1500A láìfọ́, nígbà tí L kò ju 35A tàbí ìlọ́po 10 òǹkà rẹ̀ lọ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fíúsì kankan kò sì lè dá fóltéèjì tó ga jù dúró. Iṣẹ́ sítébíláísà nìyẹn.

T wọ́n ju aláìlákọlé lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé T tí òǹkà rẹ̀ kéré sí 1A kì í sábà sí ní Kàbà, ẹni tó bá nílò rẹ̀ sì ní láti ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja.